Ọ̀já Funfun Lẹ́rẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn láfún tí kò tíì gbẹ tán ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn, ọ̀rẹ́ mi, ìkan tó máa ń kan díẹ̀díẹ̀, tí oòrùn bá wá mú un lórí àpáta, á máa ta èèyàn nímú. Pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa ní Igbó-Ọrà, àpáta pẹrẹsẹ wà létí rẹ̀, ibẹ̀ làwọn obìnrin máa ń sá láfún sí. Pápá yẹn náà ni hẹlikópítà bà sí lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ yìí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni látòkèdélẹ̀, torí àwọn èèyàn ìlú wa, tó o bá sọ òdodo fún wọn, wọ́n á ní o ti mu nǹkan.

O mọ̀ mí. Nǹkan kì í tètè bà mí lẹ́rù. Láti Eruwa dé Igangan, kò sí kòtò kan lójú títì tí mi ò mọ̀ bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ọ̀kadà ni mò ń gùn látìgbà tí mo ti fi ilé-ìwé girama sílẹ̀ láìparí, torí ìjókòó sójú kan ò bá mi lára mu rárá. Ohun tí tíṣà bá fi gbogbo àárọ̀ ṣàlàyé, mo ti mọ ibi tó ń lọ kó tó dé ìdajì. Ohun kan tí mo fi ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ ni pé mo máa ń fura. Tó o bá gun ọ̀kadà láìfura, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gba ọ̀kadà náà lọ́wọ́ ẹ. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún ẹ pé mo fura lọ́jọ́ yẹn, má rò pé ojo ló mú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣubú, ọmọ ìyá mi gan-an. Ó ń bá kọ́ńpìnnì kan ṣiṣẹ́ l'Ékòó, àwọn tó ń ri páìpù mọ́lẹ̀. Ó wálé fún Iléyá, ó yá ọ̀kadà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti fi lọ kí àna rẹ̀ l'Éruwa. Nígbà tó ń bọ̀, táyà iwájú kó sí kòtò, ó fò kúrò lórí ọ̀kadà, ó sì forí gbálẹ̀. Kò dé akoto. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn yẹn, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, ojú rẹ̀ dì, ṣùgbọ́n ó ń hanrun. Kì í ṣe ìhanrun kékeré o. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ nígbà tí epo bá fẹ́ tán nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dún.

Ìhanrun yẹn ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ta lo rí tó ń kú tó ń hanrun? Àbúrò bàbá wa, tó ti ń ṣe bàbá fún wa látìgbà tí bàbá wa ti kú, dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Oorun ló ń sùn. Ara rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe ni." Màámi ká ìborùn wọn, wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí fún un, orí rẹ̀ wá ga, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wọlé, ó rí i, ó figbe ta. Ó yọ ìborùn náà, ó rọra di ọrùn ẹ̀gbọ́n mi mú, ó yí gbogbo ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó ní ìhanrun yẹn kì í ṣe oorun, pé ahọ́n rẹ̀ ló ń ṣubú dí ọ̀nà ọ̀fun, pé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á lè mí.

Nọ́ọ̀sì ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tán tí Màámi fi yí ẹ̀gbọ́n mi padà, ó tún fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún! Ṣé wọ́n ti gbẹ́ sàárè fún un ni?"

Mùsùlùmí bíi tèmi ni ẹ́, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún la máa ń tẹ́ òkú lé nínú ilẹ̀, ká kọjú rẹ̀ sí kíbùlà. Tẹ́nìkan bá wá tẹ́ ọmọ ẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí, kí lo máa rò? Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń yí i là ń dá a padà. Obìnrin náà bá wa jà títí ohùn rẹ̀ há. Lọ́kàn mi, mo ti ní kí n máa ṣọ́ ọ, torí ó jọ ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè tán.

Àárín ìyẹn ni ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Èkó. Ó ní kọ́ńpìnnì ti fi orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì, pé nọ́ọ̀sì tó pe nọ́ńbà tó rí lára káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé fáwọn dókítà, hẹlikópítà ti gbéra, ó ń bọ̀ wá gbé e. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo pa fóònù, mo wo fóònù náà bí ẹni wo ejò. Kọ́ńpìnnì wo ní Nàìjíríà ló ń fi bàálù gbé ẹni tó ń ri páìpù? Ó pẹ́ tí mo ti ń rí i lórí Wásáàpù, ohun tí wọ́n ní wọ́n ń fi hẹlikópítà ṣe lójú ọ̀run: tó bá ń bọ̀, ìbọn àwọn ajínigbé ló kó, tó bá ń padà, ẹ̀yà ara èèyàn ni. Mi ò gba gbogbo ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò dà á nù náà.

Kò sí ọ̀nà mìíràn, a gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sábẹ́ igi fúrúùtù létí pápá, a sì ń wojú ọ̀run. Nígbà tí nǹkan náà dé, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá gbogbo láfún orí àpáta dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú ọjọ́ funfun báláú. Àwọn ọmọdé sá, ewúrẹ́ sá, gbogbo wa wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú wa. Obìnrin kan tó sá láfún sórí àpáta náà ń na ìka sí hẹlikópítà, ó ń ké, "Láfún mi o! Ẹ̀yin olè ojú sánmà! Ẹ ti ba tèmi jẹ́ o!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wa ló jọ iwin.

Èèyàn méjì ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì gbàǹgbà gbàǹgbà, ẹni tó ń wà á jókòó sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òun ni dókítà. Mi ò rò pé ó fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Èkejì jẹ́ ọkùnrin gíga kan, nọ́ọ̀sì ni. Èmi rò pé wọ́n á kàn gbé ẹ̀gbọ́n mi jù sínú ẹ̀ ni, wọ́n á sì gbéra fìrì. Ohun tí èmi ì bá ṣe nìyẹn. Ẹni tí nǹkan ń jó lẹ́sẹ̀ kì í dúró wẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kúnlẹ̀ sínú yanrìn, ó fi etí sí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti àgbọ̀n rẹ̀ síwájú. Ìhanrun náà bá lọ sílẹ̀. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ìhanrun tún padà. Ó wo nọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan sórí rẹ̀: rọ́bà tín-ín-rín oríṣiríṣi, abẹ́rẹ́, àti irin kan tó tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé tí iná ń tàn lórí rẹ̀.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Kí lẹ ń dúró ṣe? Ẹ gbé e, ẹ jẹ́ ká lọ! Ọjà lẹ wá pàtẹ níbí ni?"

Dókítà ò bínú. Ó ní, "Bọ̀dá, ilẹ̀ la ti ń tún ọ̀nà èémí ṣe. Tá a bá gbéra, ariwo ò ní jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń mí, ibẹ̀ há, ọwọ́ mi ò sì ní dé e bó ṣe yẹ. Tẹ́lẹ̀, àwa náà máa ń sáré gbé wọn bẹ́ẹ̀. A ti rí ibi tó já sí."

Mo ní lọ́kàn mi pé ó mọ irọ́ pa, obìnrin yìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun tó wá da gbogbo ọ̀rọ̀ rú. Ọkùnrin gíga yẹn á pe orúkọ nǹkan kan, dókítà á fọwọ́ kan nǹkan náà, á dá a lóhùn. Á pe òmíràn, á tún fọwọ́ kàn án, á tún dá a lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni o, mo sì gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀, ọ̀síjìn, àti ohun tí wọ́n á ṣe tí àkọ́kọ́ ò bá ṣeé ṣe. Lónìí mo mọ̀ pé wọ́n ń yẹ ẹrù wọn wò sétígbọ̀ọ́ ara wọn ni, kí ìkankan nínú wọn má baà gbàgbé nǹkan nínú ìkánjú. Ṣùgbọ́n fi ojú inú wò ó: aṣọ olómi ọsàn, ojú tí wọ́n fi nǹkan bò, ẹnìkan ń pè, ẹnìkejì ń gbè, ẹni tí kò kú tí kò yè wà láàárín wọn. Ìyá arúgbó kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ gbọ́ wọn. Ọfọ̀ ni wọ́n ń pè yẹn." Kò sẹ́ni tó já a nírọ́.

Wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ dẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìhanrun sì dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ẹ. Látàárọ̀, ohùn yẹn la fi mọ̀ pé ó wà láàyè. Ohùn yẹn la dì mú. Ó wá dákẹ́, lójú wa, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àlejò. Àbúrò bàbá wa ló kọ́kọ́ ké, "Wọ́n ti pa á! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ!" Pápá gbóná. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo gbá ọkùnrin gíga náà lọ́rùn aṣọ mú. Mo ní, "Hẹlikópítà yìí ò ní gbéra. Ẹ ó sun ibí lónìí, ẹ̀yin àti òkú tẹ́ ẹ pa!" Ó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n má dí dókítà lọ́wọ́.

Dókítà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ti ki dòjé oníná yẹn bọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, ó ń wo inú ọ̀fun bí ẹni wo inú kànga. Ó ki rọ́bà kan wọlé, wẹ́rẹ́, ó so báàgì rọ́bà kan mọ́ ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ló wá sọ̀rọ̀, ó ṣì kọ ẹ̀yìn sí mi:

"Ìwọ tó o di aṣọ rẹ̀ mú yẹn. Ṣé ojú ẹ ríran dáadáa?"

Mo ní, "Ó ríran ju tìrẹ lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀, wá kúnlẹ̀ síbí. Má gbà mí gbọ́ o. Àyà rẹ̀ ni kó o máa wò. Tó bá kọ̀ tí kò gbéra, pariwo, bó o ṣe ń pariwo bọ̀ yìí."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí nínú ìbínú. Mo kúnlẹ̀. Ọkùnrin gíga gba báàgì náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, àyà ẹ̀gbọ́n mi sì ń gbéra, ó ń wálẹ̀. Àkọ́kọ́, mo rò pé ẹ̀tàn ni, pé bí àwọn fọkanáísà ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà ni wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ sínú òkú. Mo bá gbé ọwọ́ lé e láyà. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo tún gbé e padà, bóyá wọ́n á ti pààrọ̀ nǹkan. Ó ṣì ń lù.

Ìgbà tí ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rọlẹ̀ ni dókítà fa ọ̀já funfun kan yọ, ọ̀já fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fi so rọ́bà náà kó má baà yọ, ó gbé e gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé e gba abẹ́ àgbọ̀n, ó so ó. Mo rí i, inú mi sì bàjẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àbúrò bàbá wa ṣe fi aṣọ funfun so àgbọ̀n bàbá wa lọ́jọ́ tí wọ́n kú, kí ẹnu wọn má baà là sílẹ̀.

Màámi náà rí i. Àwọn obìnrin ti dì wọ́n mú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ta ló lè di ìyá mú? Wọ́n já wọlé láàárín wa, wọ́n ké, "Ẹ ti ń di òkú rẹ̀! Lójú mi!" Wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀já náà, wọ́n fà á tu. Orí ẹ̀gbọ́n mi mì, rọ́bà náà yọ sókè.

Mo rí i kí ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn láti máa ṣọ́ èémí rẹ̀ tó rí i. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Ọkùnrin gíga tẹ báàgì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wú, nǹkan kan dún gùlùgùlù lẹ́nu rẹ̀, àyà rẹ̀ ò sì gbéra. Mo figbe ta: "Kò gbéra! Dókítà, àyà ò gbéra o!" Ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Dókítà yọ rọ́bà náà pátápátá, ó fi ike kan bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àgbọ̀n síwájú bíi tàkọ́kọ́. Ètè ẹ̀gbọ́n mi ti ń di àwọ̀ aró. Màámi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀já funfun yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé àwa gan-an lè pa á. Àyà rẹ̀ gbéra díẹ̀. Ó tún gbéra. Àwọ̀ aró yẹn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà mí kanlẹ̀, ó tún ki rọ́bà mìíràn wọlé, ó sì na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀. Ọ̀já funfun ló tún fà jáde.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi funfun dì í. Òkú la máa ń dì báyẹn níbí."

Ó wò mí. Ó wo Màámi. Ó ní, "Kí ni kí n wá fi dì í? Ó gbọ́dọ̀ le o."

Màámi gbé etí ìró wọn sẹ́nu, àǹkárá aláwọ̀ ewé tí wọ́n rán fọ́dún, wọ́n fi eyín ya á gbọọrọ. Wọ́n nà án sí dókítà. "Ẹ fi èyí so ọmọ mi."

Òun ló fi so ó. Lọ́nà kan náà, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gba abẹ́ àgbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó ké mọ́. Mo bá wọn gbé e wọnú hẹlikópítà, mo ń wo àyà rẹ̀ bí a ṣe ń rìn. Mo fẹ́ wọlé tẹ̀ lé e, wọ́n ní àyè ò sí. Ìfura mi tún jí níbẹ̀, kí n má purọ́. Àmọ́ nǹkan náà ti ń yí, ó gbéra, ó di kékeré lókè ọ̀nà Eruwa, ó sì lọ.

Àbúrò bàbá wa wọkọ̀ lọ s'Ékòó lọ́jọ́ kejì. Ó pè wá pé òun rí i, pé rọ́bà ṣì wà lọ́fun rẹ̀, àmọ́ wọ́n ní orí rẹ̀ ń sàn. Màámi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Wọ́n ti fún òun náà ní nǹkan jẹ." Báyẹn la ṣe wà, a ń jẹun láìgbádùn, a ń gba fóònù láìgbàgbọ́, títí ohùn kan fi pè lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ohùn gbígbẹ ni, ó há kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fá ìkòkò.

"Màámi. Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Wàsíù."

"Ohùn Wàsíù kọ́ nìyẹn. Irú yín pọ̀ lórí fóònù báyìí."

"Màámi, rọ́bà ló bà á jẹ́. Wọ́n ní á padà."

Màámi ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́, kí lo jí jẹ tó o sọ pé ológbò ni?"

Ohùn náà ní, "Ẹsẹ̀ adìyẹ. Ẹ tún wá na ológbò."

Màámi ti fóònù mọ́ etí gan-an. Wọ́n ní, "Ó dáa. Má sọ̀rọ̀ mọ́. Sáà máa mí, kí n gbọ́." Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí sínú fóònù. Mo ti orí mọ́ ti Màámi, a jọ ń gbọ́ ọ. Kò sí ìhanrun níbẹ̀. Ó kàn ń wọlé, ó ń jáde, jẹ́jẹ́. Màámi ò jẹ́ kó pa fóònù títí owó inú rẹ̀ fi tán.

Ó ti wà nílé báyìí. Orúkọ èèyàn máa ń bọ́ lórí rẹ̀ nígbà mìíràn, tí mo bá sì ń sọ ohun tí mo ṣe fún un, á ní, "O ti tún bẹ̀rẹ̀, ṣé èrò ẹ̀yìn ọ̀kadà ẹ ni mí, tó o máa ń pìtàn fún?" Dókítà yẹn pè mí lẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí ìyá fi tú ọ̀já. Mo sọ ti àgbọ̀n fún un, mo sọ ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti kíbùlà. Ó ní àwọn ò mọ̀, pé láti ìsinsìnyí àwọn á máa kọ́kọ́ sọ fún ẹbí káwọn tó so nǹkan kan, ọ̀já aláwọ̀ làwọn á sì máa lò. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ó kàn fẹ́ fi mú inú mi dùn ni, mi ò tíì fojú rí i. Ṣùgbọ́n èmi ti gbà pé mo ti kọ́ dókítà níṣẹ́.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe kó má baà kú ló jọ ohun tí à ń ṣe fún ẹni tó ti kú. Ta ló máa mọ ìyàtọ̀, tí kò bá sẹ́ni tó pè é sún mọ́ ibẹ̀? Lóṣù tó kọjá, ọ̀kadà méjì forí sọ ara wọn lọ́nà Tápà. Ọ̀kan nínú wọn nà sílẹ̀, ó ń hanrun. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo rọra di ọrùn rẹ̀ mú, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Àwọn èèyàn rẹ̀ ya dé, ọ̀kan nínú wọn gbá mi lọ́rùn aṣọ mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ta ló rán ẹ? Ṣé o fẹ́ sin ín ni?"

Mi ò bá a jiyàn. Ohùn rẹ̀ ló pariwo jù níbẹ̀, mo sì ní kó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó máa wo àyà èèyàn rẹ̀ bó ṣe ń gbéra.